Àṣírí Tí Ràfíátù Fi Gba Kírẹ́díìtì

Bí o bá ní ọ̀rọ̀ tí o kò fẹ́ kó jáde ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, Ràfíátù ni kí o lọ sọ ọ́ fún. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń wí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọn ò wí i mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ròyìn bó ṣe jẹ́ fún yín, ó ní ó lè ṣe ẹlòmíràn tí ẹnu ń yún láǹfààní.

Iṣẹ́ kíà, títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni Ràfíátù ń ṣe. Láàárọ̀, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brockley, á wẹ ìyá arúgbó kan, á fún un lóúnjẹ. Lọ́sàn-án, á kọjá sọ́dọ̀ bàbá kan ní Forest Hill tó máa ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè é, òun náà á sì máa dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé ó lè fi ọwọ́ kan pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kó fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sétí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì, ti Ọlọ́run ni. Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú ládùúgbò, ó wà lára àwọn tí mọ́ṣáláṣí máa ń pè láti wá wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹnìkan á máa da omi, ẹnìkan á máa wẹ̀, ẹnìkan á di aṣọ mú. Ìyá Àdínì, tó jẹ́ olórí wọn, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìkọ́kọ́ rán an létí: ohun tójú bá rí nínú yàrá yìí, inú yàrá yìí ló ń gbé. Ì báà jẹ́ àpá, ì báà jẹ́ eyín àtọwọ́dá, ì báà jẹ́ orí tó ti pá lábẹ́ ìborùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Ìdí nìyẹn tí ọkàn ìdílé òkú fi máa ń balẹ̀ sí wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ Ràfíátù lọ́kàn ni pé ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Àwọn tí wọ́n jọ dé ìlú yìí ti di nọ́ọ̀sì tipẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ máa ń kí i pé, "Kíà wa, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹ̀rín ni Ràfíátù máa fi dáhùn, inú á sì máa bí i délé.

Bàrákàt, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí síbí, ló rí i lórí fóònù.

"Mum, wọ́n ní ẹ ò ní láti start from scratch. Gbogbo experience yín, they can turn it into credits."

"Experience wo? Ti pé mo ń fọ ìdí arúgbó?"

"Exactly that, Mum."

Bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó máa ń fi iṣẹ́ téèyàn ti ṣe rí, yálà níléeṣẹ́ tàbí nínú ológun, tàbí ohun tójú èèyàn ti rí láyé, rọ́pò kíláàsì. Ohun tí o bá ti mọ̀, wọn ò ní kí o tún jókòó kọ́ ọ. Wọ́n á kàn bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa, bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fún ọ ní kírẹ́díìtì. Bí o bá gba gbogbo rẹ̀ pé, o ti wọlé sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Tèmi ni orúkọ ẹni tó ń yẹ ìrírí àwọn èèyàn wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọmọ Yorùbá ni, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ó sì máa ń sọ Yorùbá bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ kan jó. Òun àti Ràfíátù mọwọ́ ara wọn lójú ẹsẹ̀.

"Aunty, ẹ ti try gan-an. Manual handling, tick. Food hygiene, tick. Ó ku one: privacy, dignity and confidentiality."

"Pípa àṣírí mọ́ nìyẹn?"

"Yes, Aunty. Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

"Èmi ò kí ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan fún ẹlòmíì."

Tèmi ń retí kó máa bá a lọ. Ràfíátù náà ń wò ó.

"Okay," ni Tèmi wí. "Ẹ fún mi ní example."

"Example kí ni? Ṣebí mo ní mi ò kí ń sọ."

Tèmi bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, Aunty. But I can't just put 'she doesn't talk.' I need something that actually happened. Bí kò bá sí, ẹ máa wá sí class every Wednesday till Christmas, ẹ ò sì ní lè start nursing àfi next year."

Ọdún kan gbáko! Ràfíátù ro ẹni tó ń pè é ní "kíà wa". Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú ara rẹ̀ kiri. Ó sọ ti bàbá Forest Hill, Tèmi ní kò tó. Ó sọ ti ìyá Brockley, kò tó. Ló bá dárúkọ pé òun máa ń wẹ òkú.

Bíìrò bọ́ lọ́wọ́ Tèmi. "Wow. Aunty, ẹ máa ń rí things?"

"Ọ̀pọ̀lọpọ̀."

"No names o. Just what you saw, and how you protected it."

Ọkàn Ràfíátù sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n òwe kan tún sọ sí i lọ́kàn pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má rò pé àgbàlagbà nìkan ló ń pa òwe. Ṣàítánì náà a máa pa á.

Ló bá la ẹnu.

Nígbà òtútù tó kọjá ni Àlhájà Àsúmáù kú, ìyá tó ń ta aṣọ ní Rye Lane. Ẹni iyì ni nínú àsàláátù, irun kan kì í yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Nígbà tí Ràfíátù ń wẹ̀ ẹ́, ó rí i pé wọ́n fi tàdáwà fín orúkọ kan sí abẹ́ ọmú òsì rẹ̀, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ, bí àwọn ọmọge ayé àtijọ́ ti máa ń ṣe é. Ọlábọ̀wálé lorúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Sàká ni ọkọ Àlhájà ń jẹ́. Ràfíátù fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kíá, ó fa aṣọ lé e, ẹni tó ń da omi kò rí nǹkan kan. Látọjọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ìrọ̀rí rẹ̀ pàápàá.

Àfi ìgbà tó wá sọ ọ́ fún Tèmi.

"No way!" Tèmi di ẹnu mú. "Aunty! Orúkọ ẹlòmíì?"

"Mo fi Ọlọ́run búra."

Òótọ́ ni pé Ràfíátù kò dárúkọ Àlhájà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tó wá rí ojú ọmọdé tó ń tàn yanran nítorí ohun tó ń sọ. Ó gba kírẹ́díìtì náà, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Rye Lane, ó ń kọrin lọ sílé.

Ó ròyìn fún Bàrákàt. Bàrákàt yọ nǹkan tó fi sétí.

"Wait, Mum. Ẹ sọ fún un what?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"But that's somebody's mum, innit."

"Tèmi ò mọ̀ ọ́n rí. Gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀, má dá mi lágara."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé mi ò gbọdọ̀ repeat anything I hear in this house."

Ràfíátù ní ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òfófó àti ẹ̀kọ́. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ ọn débi pé ó tún un wí nígbà tó ń fọ abọ́.

Kò pẹ́ tí Tèmi fi pè é. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ pe àwọn àgbàlagbà tó bá ń ronú àtipadà sílé ìwé, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn tó ti jàǹfààní wá sọ̀rọ̀ ní ṣókí.

"Ẹ kàn sọ nípa the caring, Aunty. Maybe not the, you know, the tattoo one."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?" Ràfíátù dáhùn.

Ọ̀sán Sátidé ni. Gbọ̀ngàn náà kún. Ràfíátù wọ búbà àti ìró tó ti ń tọ́jú pamọ́, ó lo ìborùn aláwọ̀ ewéko, ó jókòó síwájú. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó ti wa ọkọ̀ ńlá nínú ológun. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ nínú iyanrìn lójú ogun, tí ọ̀gá òun sì ń pariwo sí òun lójú fèrèsé, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá fi ìyẹn fún òun ní kírẹ́díìtì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó kan Ràfíátù. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa sọ ọ́ fún yín. Ó sọ ti ìyá Brockley. Kò sẹ́ni tó mira. Ó sọ ti bàbá Forest Hill. Ọkùnrin kan ní ìlà kejì yán, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tẹ fóònù. Ràfíátù wo ọkùnrin ológun yẹn tó jókòó tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìlara gbé e lọ́kàn. Ó rí àwọn ìborùn mélòó kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó yẹ kí ìyẹn dá a dúró. Kò dá a dúró.

"Kí n sọ òótọ́ fún yín," ló wí, "iṣẹ́ tó kọ́ mi ní pípa àṣírí mọ́, òkú wíwẹ̀ ni."

Gbogbo wọn gbórí sókè. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn fi fóònù sílẹ̀.

"Àlhájà kan báyìí wà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ní Rye Lane. Ẹni Ọlọ́run! Bí afẹ́fẹ́ bá ká ìborùn rẹ̀ sókè díẹ̀, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín a máa pani bí ọtí, àgàgà ẹni tí kò mu ún rí.

"Mo ṣí aṣọ. Kí ni mo rí? Orúkọ ọkùnrin, lábẹ́ ọmú! Orúkọ ọkọ rẹ̀ kọ́ o!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Orúkọ ta ni?"

"Ọlábọ̀wálé ni!" Ràfíátù na ọwọ́ sókè. "Ẹ bá mi wá a, ẹ sọ fún un pé olólùfẹ́ rẹ̀ ti lọ!"

Àwọn kan ń gbá tábìlì. Tèmi kò rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n Ràfíátù kò wo ibẹ̀. Ibi tó ń wò ni ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí obìnrin kan ti dìde. Ó rò pé obìnrin náà fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ni.

Àìṣát ni, ọmọ Àlhájà Àsúmáù. Ilé ìtọ́jú ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó wá wádìí bóyá ìrírí tiẹ̀ náà lè di kírẹ́díìtì.

"Aunty Ràfíá," ló wí.

Ẹ̀rín ṣì ń lọ. Ó dúró títí ó fi rọlẹ̀.

"Ọlábọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọwọ́ Ràfíátù bọ́ sílẹ̀ láti òkè tó wà.

"Òun ni màmá mi kọ́kọ́ bí. Omi ló gbé e lọ ní Ẹ̀pẹ́, kó tó mọ ilé ìwé. They didn't have one single photo of him. Ìdí tí wọ́n fi fín orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ló máa ń gbé orí lé tó bá fẹ́ sùn." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Nígbà tí wọ́n di Àlhájà, ojú ń tì wọ́n, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀sìn ò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọn ò lè bó o kúrò. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ọjọ́ tí wọ́n kú, Ìyá Àdínì bi mí pé ta ni kí àwọn rán wá. Mo ní Aunty Ràfíá. Mo ní ẹ̀yin ò ní sọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Máíkì wà lọ́wọ́ Ràfíátù síbẹ̀, ó ń gbé ìró mímí rẹ̀ jáde fún gbogbo èèyàn. Tèmi ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì ni ti Ràfíátù ti kọ́kọ́ dé bá a. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ràfíátù, níbo lo wà?" Ìyá Àdínì ni.

"Mo wà nínú bus, mà."

"Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ìyá Àdínì kò pariwo. Ó fún un lómi mu, ó jẹ́ kó mu ún tán. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Ràfíátù kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni, mà. Ẹ foríjì mí."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹni tí o ṣẹ̀ ò lè dáhùn mọ́, ó ku ọmọ rẹ̀." Ìyá Àdínì mí kanlẹ̀. "Èmi náà rí orúkọ yẹn, Ràfíátù."

"Háà! Ìyá?"

"Èmi ni mo dì í nínú aṣọ funfun. O rò pé ọwọ́ rẹ bò ó tán? Mo rí i, mo gbàdúrà fún un, mo dì í. Mi ò bi ara mi léèrè pé ta ni." Ó dìde. "A ò ní pè ọ́ mọ́, títí Àìṣát fúnra rẹ̀ á fi sọ pé ká pè ọ́."

Ràfíátù sunkún dé Peckham Library, ó kọjá ilé, kò mọ̀. Ó dùn ún pé wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tó gún un lọ́kàn jù ni ọmọ kékeré yẹn àti ibi tó máa ń gbé orí lé. Òun náà bímọ. Báwo lòun ṣe rí orúkọ lára abiyamọ tí ọkàn òun ò sì ro nǹkan mìíràn àfi àlè?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé Àìṣát ní Aylesbury Estate. Àìṣát ṣílẹ̀kùn, Ràfíátù sì kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, níwájú àwọn aládùúgbò tó ń gbé ẹrù ọjà kọjá.

"Ẹ dìde, Aunty. People are looking."

"Jẹ́ kí wọ́n wò mí. Àìṣát, mo rò pé..."

"Mo mọ nǹkan tí ẹ rò. The whole hall mọ nǹkan tí ẹ rò."

Àìṣát fara ti ilẹ̀kùn.

"So wọ́n fún yín ní credit náà?"

"Wọ́n fún mi."

"Credit for what?"

Ràfíátù wolẹ̀. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. "Fún... fún pípa àṣírí mọ́."

Àìṣát tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó le débi pé ó ní láti di ilẹ̀kùn mú, kó tó di ẹkún lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀kan lórí ìdúró, wọ́n ń sunkún.

"Ẹ máa lọ sílé, Aunty," ni Àìṣát wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò tíì ṣe tán láti forí jì yín."

Láti ibẹ̀, Ràfíátù pe Tèmi. "Gba kírẹ́díìtì yẹn padà."

"Aunty, it's already gone through. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ dá a padà."

"Èmi ni mo ní kí o gbà á. Kì í ṣe tèmi."

"Ẹ máa wait for another year o."

"Mo gbọ́. Gbà á."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹnìkan bá fi nǹkan pamọ́ sí yín lọ́wọ́, tí ayé wá ní kí ẹ gbé e jáde kí àwọn lè gbà pé olóòótọ́ ni yín, ẹ sá. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé e jáde tí yóò tún wà lọ́wọ́ yín. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, Àìṣát kò tíì ránṣẹ́ sí Ìyá Àdínì. Wọ́n ti wẹ àwọn obìnrin kan láti ìgbà náà, ilé ni Ràfíátù sì ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé lẹ́yìn ìsinmi, Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Ọjọ́rú. Òun ló dàgbà jù nínú wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í kò ju ọjọ́ orí Bàrákàt lọ, ó sì máa ń bá a wá ojú ewé tí wọ́n bá wà.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kí oníkálukú sọ ìgbà kan tó bo àṣírí ẹlòmíràn. Ó ń kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ náà ń sọ ọ́, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n ń dárúkọ ọ̀rẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ràfíátù rọra fi ọwọ́ kàn án ní apá lábẹ́ tábìlì. Ọmọ náà wò ó, ó ní òun ò ní nǹkan kan láti sọ.

Ó kan Ràfíátù.

"Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́," ni olùkọ́ wí, "ó dájú pé ẹ máa ní ọ̀kan."

"Mo ní púpọ̀," ni Ràfíátù dáhùn.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fara ti tábìlì láti gbọ́ ọ. Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Olùkọ́ dúró, ó dúró, títí ó fi yé e pé ìdáhùn Ràfíátù ti tán.